Ọwọ́ Aró Àbẹ̀ní

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Àbẹ̀ní, ìyàwó mi, kú, ó fi etí ìró rẹ̀ sọ ìkòkò ẹ̀kọ kalẹ̀ lórí iná, ó wá rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, bí n kò bá sí nílé, ebi ni yóò pa yín." Kí oòrùn tó wọ̀, ibà ti mú un lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń béèrè bí a ṣe ja ìjà iṣẹ́ ọ̀nà lílà ní Ẹdẹ, ẹnu rẹ̀ ló yẹ kí ẹ ti gbọ́ ọ. Nígbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ọ̀nà Awo, wọ́n ń fipá kó àwọn ọkùnrin lọ síbi iṣẹ́ lásìkò tó yẹ kí wọ́n máa wa iṣu. Àwọn obìnrin ní kí Àbẹ̀ní bá wọn bá ajẹ́lẹ̀ òyìnbó sọ ọ́.

Ṣáájú ìgbà náà, ikú ọmọ wa ti da orí rẹ̀ rú. Ó ń jókòó kọjú sí ògiri, kò sì rántí oúnjẹ. A tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ yá, ó padà sídìí ìkòkò aró rẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Àbẹ̀ní lọ bá ajẹ́lẹ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa, ọ̀rẹ́ ògbufọ̀ ajẹ́lẹ̀ náà, ṣe eré níbi ìkórè. Ọkùnrin kan wọ akísà, ó ń jẹ erùpẹ̀, ó ń lé àwọn ọmọdé kiri. Ó kun ọwọ́ méjèèjì láró.

"Àbẹ̀ní nìyẹn!" ni ẹnì kan ké. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Àbẹ̀ní dìde níwájú ajẹ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọkọ wa wa iṣu ná."

Ògbufọ̀ kò túmọ̀ rẹ̀. "Ìyá, ẹ na ọwọ́ yín ká rí i."

"Ẹ sá o, yóò bù wá jẹ!" ni àwọn èrò ń pariwo lẹ́yìn.

Àbẹ̀ní na ọwọ́. "Aró ni. Òun náà ló wà lára agbádá tí ẹ wọ̀ yẹn."

Ẹ̀rín bo ohùn rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ béèrè ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín; ògbufọ̀ fi ìka kan orí ara rẹ̀. Ẹjọ́ parí síbẹ̀. Ikán jẹ iṣu wa nínú ebè.

Iṣẹ́ ipá náà dópin nígbà tó yá. Àwọn ìjòyè ni ìlú ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn; ẹnikẹ́ni kò dárúkọ Àbẹ̀ní. Wèrè inú eré kì í yá. Kì í lọ́kọ, kì í níṣẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ òótọ́. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi Àbẹ̀ní ṣe títí ó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá náà wá kí mi. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Eré lásán la ṣe nígbà yẹn o."

"Aṣọ eré náà ńkọ́?"

"Ó wà nínú àpótí ilé ẹ̀kọ́."

"Ẹ lọ gbé e wá."

Ó gbé e wá. Mo gbà á, mo sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn níta. Ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọ̀gá náà ti kú báyìí. N kò tíì dárí jì í.

Lọ́jọ́ kejì tó gbé aṣọ náà wá, mo dáná fúnra mi, mo ro ẹ̀kọ. Nígbà tí ó jinná, mo ká aṣọ wèrè náà, mo fi sọ ìkòkò kalẹ̀. Kò dà nù.