Ta Ló Gbé Ọkọ̀ Sórí Ọ̀nà Ìyá Abẹ́rẹ́?

Ìyá Abẹ́rẹ́ kú lọ́sàn-án gangan, níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló gbá a. Awakọ̀ náà kò sáré, kò mutí, kò sì sá lọ. Ó jókòó sẹ́bàá títì, ó dorí mú, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró: “Ṣàdédé ni màmá yọ sí mi láàárín ọkọ̀ méjì. Mi ò rí wọn.”

Òótọ́ ló sọ. Kò lè rí i. Ọkọ̀ ti kún orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, imú ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ìdí èkejì, débi pé obìnrin tó ń tiro, tó ń fọ̀pá rìn, ní láti sọ̀kalẹ̀ sójú títì kó tó lè kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Ta ló wá ni àwọn ọkọ̀ náà? Ẹ má rò pé àwọn aláìgbọràn kan ni o. Ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà tó la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀hún.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ìkéde jáde. Wọ́n ní ikú màmá dun àwọn wọ eegun. Ibi tí wọ́n parí ẹ̀ sí ni pé kí gbogbo àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn “máa lo ọ̀nà tí ìjọba ti pèsè fún wọn, kí wọ́n yé rìn lójú títì”. Mo kà á tán, mo tún un kà, mo rò pé ojú ń tàn mí ni. Ẹni tí ẹ fọkọ̀ lé kúrò lórí ọ̀nà lẹ tún wá ń kọ́ ní ibi tó yẹ kó gbà. Ó ti kú tán, ẹ tún dá a lẹ́bi.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi nǹkan pamọ́: ẹ̀gbọ́n màmá mi ni Ìyá Abẹ́rẹ́. Tí ẹ bá gbọ́ ìbínú nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ mọ ibi tó ti ń wá. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ nǹkan kan níbí tí gbogbo òpópónà wa ò mọ̀.

Orúkọ tí àdúgbò fún un yẹn máa ń kó ìdààmú bá àwọn ọmọdé. Tí ìyá wọn bá ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ Ìyá Abẹ́rẹ́,” wọ́n á ti bú sẹ́kún kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ kan fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ní, “Mi ò ṣàìsàn o, ara mi ti yá.” Ìyá Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí téèpù fi bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, “Ọkọ mi, aṣọ ni mo máa ń gún. Mi ò gún èèyàn rí, àfi ìka ara mi.”

Àìsàn kan ló mú ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì kéré sí ọ̀tún láti kékeré. Oníbàtà tó wà nísàlẹ̀ òpópónà ló máa ń kan àtẹ́lẹsẹ̀ nínípọn mọ́ bàtà òsì rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló sì fi ń wa màṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òun ló rán yunifọ́ọ̀mù fún ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò wa. Ó máa ń ká etí aṣọ náà sínú dáadáa, ó mọ̀ pé ọmọ á ti ga kí ọdún tó yí po. Tí ìyá ọmọ bá gbé e padà wá, á tú etí aṣọ náà sílẹ̀, á tún un rán, kò ní gbowó, á ní kí wọ́n máa lọ.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù náà ní fàráńdà kan, tó ní páànù lórí àti òpó méjì. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ń jókòó sí. Tí òjò bá dé, wọ́n á há gádígádí síbẹ̀, àwọn mìíràn á wọ inú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á dúró sáàárín aṣọ tí wọ́n fi kọ́. Kò lé ẹnikẹ́ni rí. Òun náà mọ bí òpópónà wa ṣe rí nígbà náà: gọ́tà lápá kan, ọkọ̀ lápá kejì, kò sí ibi téèyàn máa gbẹ́sẹ̀ lé láàárín wọn. Ó ti já sínú gọ́tà yẹn rí pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó ọmọ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọwọ́ tí kò gbé aṣọ náà ló fi gbára lélẹ̀, ọwọ́ náà sì kán. Aṣọ kò rin.

Ọ̀gá kan wá dé láti ọ́fíìsì ètò ọ̀nà ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀dọ́ ni, ẹnu rẹ̀ dùn, ó máa ń ká àwòrán ńlá kan mọ́ abíyá, la bá ń pè é ní Ọ̀gá Aláwòrán. Àwòrán náà dára lójú. Bọ́ọ̀sì ní ojú ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fẹ̀, igi wà létí rẹ̀, bẹ́ǹṣì wà lábẹ́ igi. Iná tó ń dá ọkọ̀ dúró wà níbi táwọn èèyàn á ti máa sọdá. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù: gbogbo oníṣọ́ọ̀bù tó wà lápá wa gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ló bá wá jókòó sí fàráńdà Ìyá Abẹ́rẹ́, ó gba omi mu, ó ní, “Mọ́mì, tiyín ni wọ́n máa gbọ́.”

Màmá mi kìlọ̀ fún un. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, fàráńdà yẹn làwọn oníbàárà fi ń dá ṣọ́ọ̀bù yín mọ̀.”

Ó dá a lóhùn pé, “Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni mo ti ń rìn láti kékeré. Ṣé mi ò lè rìn bí èèyàn kí n tó kú ni?”

Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó le jù ni ti Bàbá Agẹrun, aládùúgbò rẹ̀ tó ń gẹrun fún wa. Bàbá tó bí i ló kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ibẹ̀ làwọn ọkùnrin ti máa ń jókòó de ara wọn, tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn títí á fi kàn wọ́n. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí àwọn èèyàn yìí bá wá parọ́ fún wa ńkọ́?”

“Tí wọ́n bá parọ́, èmi ni kó o wá bá.”

Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣe gbà. Àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí katakata dé, Ìyá Abẹ́rẹ́ ní tòun ni kí wọ́n kọ́kọ́ wó. Ó dúró ti ọ̀pá rẹ̀, ó ń wò ó títí eruku fi bò ó.

Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn: wọ́n la ọ̀nà náà, ó sì dára. Ẹ wo bí inú wa ṣe dùn. Àwọn àgbàlagbà tí a ò rí níta mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nírọ̀lẹ́. Àwọn abiyamọ ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ kọjá. Ìyá Abẹ́rẹ́ á fi màṣíìnì sílẹ̀, á rìn dé ìsàlẹ̀ òpópónà, á rìn padà, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, àwọn ọ̀gá ńlá wá gé rìbọ́nù, Ọ̀gá Aláwòrán di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jọ ya fọ́tò. Ó ní ìlú yẹ kó ní irú ìyá báyìí lọ́pọ̀lọpọ̀.

Iná tí wọ́n ṣèlérí kò dé. Wọ́n ní ó wà ní ìpele kejì. Igi kò dé, ìpele kejì. Ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ìpele kejì. Bẹ́ǹṣì dé ní tiẹ̀, ó sì tún lọ, wọ́n ní wọ́n fẹ́ tún un kùn. Ìgbà yẹn ni ìjọba ìbílẹ̀ kó ọ́fíìsì owó orí wọn wá sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà níkòríta, ilé tí kò ní àyè ọkọ̀ rárá. Ọkọ̀ kan kọ́kọ́ gun orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ẹni tó wà á ní òun ò ní pẹ́. Kò pẹ́ lóòótọ́ kí ìyókù tó tẹ̀ lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kan la jí rí pátákó: “Fún ọkọ̀ òṣìṣẹ́ nìkan.” Ojú ibi tí òpó fàráńdà Ìyá Abẹ́rẹ́ wà tẹ́lẹ̀ gan-an ni wọ́n ri òpó pátákó náà sí.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ pé kí wọ́n fi ohun tí ẹ fi tọkàntọkàn yọ̀ǹda gún yín lójú? Ká ní wọ́n fipá gbà á, à bá ní olè ni wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó tì í, wọ́n pè é ní Mọ́mì, wọ́n fi ẹnu rẹ̀ bẹ̀ wá, wọ́n fi ojú rere rẹ̀ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ilẹ̀ tí a fún ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n yí padà fún ara wọn. Kí la tún fẹ́ pe irú èyí?

Bàbá Agẹrun wá dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé pátákó yẹn dé. Kò pariwo. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí n wá bá yín. Mo ti dé.” Láti ọjọ́ náà, orí lásán ni ọkùnrin yẹn ń mì sí i tí wọ́n bá pàdé. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé wọ́n ti fún un ní nǹkan lábẹ́lẹ̀. Obìnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé òdìkejì títì wá ń ránṣọ láì gbin.

Ó lọ sí ọ́fíìsì wọn, ó tún lọ, ó sì tún lọ. Èmi náà bá a lọ nígbà kan. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Ọ̀gá Aláwòrán wà báyìí, wọ́n ti gbé e ga. Wọ́n ní ká jókòó sísàlẹ̀, pé á sọ̀kalẹ̀ wá. Ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ ti lọ tán kó tó yọ, fóònù lọ́wọ́.

“Mọ́mì, ẹ ṣe sùúrù. Ìpele kejì ló máa yanjú gbogbo ẹ̀.”

Ó ní, “Ọmọ mi, ìpele kìíní ni mo fún ọ ní fàráńdà mi. Ìpele wo lẹ máa wá gbé ọkọ̀ yín kúrò?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Àwọn òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ríbi gbé ọkọ̀ sí, Mọ́mì. Iṣẹ́ ìlú làwọn náà ń ṣe.”

“Èmi ńkọ́? Níbo ni kí n gbé ẹsẹ̀ mi sí?”

Fóònù rẹ̀ dún. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì, ó gun àtẹ̀gùn padà. Nígbà tí à ń padà sílé, ojú títì la gbà. Mo rìn sí apá tí ọkọ̀ ń gbà, mo di apá rẹ̀ mú títí a fi délé.

Lọ́jọ́ tó kú, òwú ló tán nídìí màṣíìnì rẹ̀, ó ń lọ ra òmíràn. Bàbá Agẹrun ń gẹrun fún ẹnì kan, ó ti gẹ ìdajì orí, nígbà tó gbọ́ bíréékì àti igbe. Ó sáré jáde pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n ń dà bo oníbàárà lọ́wọ́. Òun ló gbé e lójú títì. Ó fẹ́ tẹ́ ẹ sórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kí ọkọ̀ mìíràn má baà tún gbá wọn, kò ráàyè. Láàárín ọkọ̀ àti ọkọ̀, kò sí àlàfo tí wọ́n lè tẹ́ obìnrin kan tó ń kú lọ sí. Ó fi ẹ̀gbẹ́ fún ara rẹ̀ kọjá láàárín wọn, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀, ó sì ń sọ fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi.” Kò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Ó sọ fún mi lẹ́yìn ìsìnkú pé, “Ẹni tó yẹ kí n bínú sí wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tí wọ́n tàn jẹ pẹ̀lú mi ni mò ń fajú ro sí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e kúrò lọ́kàn.” Ìyẹn náà, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá: wọ́n gba ọ̀nà lọ́wọ́ wa, wọ́n tún gba aládùúgbò lọ́wọ́ aládùúgbò.

Wọ́n fi òdòdó ránṣẹ́ sílé wa. Awakọ̀ tó gbé e wá béèrè lọ́wọ́ màmá mi bóyá òun lè gbé mọ́tò òun sórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Màmá mi ní kó gbé òdòdó náà padà fún àwọn tó rán an.

Ohun tí a fẹ́ kò ṣòro. Ẹnì kan ló pàṣẹ pé kí wọ́n ri pátákó yẹn mọ́lẹ̀. Kì í ṣe “ìjọba”, kì í ṣe “ètò”. Èèyàn ni, ó lórúkọ, ó sì ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wa. Ẹ jẹ́ kó wá dúró níwájú adájọ́, kó ṣàlàyé bí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ṣe di àyè ọkọ̀. Kí Ọ̀gá Aláwòrán náà wá sọ ohun tó mọ̀, àti ìdí tó fi dákẹ́ nígbà tí ìyá yẹn ń rìn lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ inú ìkéde wọn jẹ ní gbangba, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé Ìyá Abẹ́rẹ́ kò ṣẹ̀, pé kò síbòmíràn tó lè gbà. Iná tó ń dá ọkọ̀ dúró, a fẹ́ ẹ báyìí. A ò fẹ́ gbọ́ ìpele kejì lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá kí n tó jókòó kọ èyí. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀, imú sí ìdí. Obìnrin kan tó di ọmọ mú lọ́wọ́ dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọ̀kalẹ̀ sójú títì. Èmi náà sọ̀kalẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ẹ wá gbé ọkọ̀ yín.