Màrìwò Lẹ́nu Ọ̀nà Fàráńdà

Bí ọyẹ́ bá ti dé, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ: màrìwò gbígbẹ tó ń ha ara nẹ́ẹ̀tì, ṣàà, ṣàà, bí ẹni pé ẹnì kan wà níta tí kò fẹ́ kanlẹ̀kùn. Èmi ni mo so ó síbẹ̀. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà l'Ómù-Àrán, ní ọdún tí wọ́n ní a ti kúrò lábẹ́ Kàdúná, pé Ìlọrin ni olú-ìlú wa báyìí. Ogun ń jà lápá ibòmíràn, àwọn sójà kún ojú títì, ọkàn ará ilé kì í sì í balẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá wà lọ́nà.

Káfíńtà ni bàbá ọkọ mi. Ó ti bá àwọn òyìnbó míṣọ́n ṣiṣẹ́ pẹ́ n'Ígbàjà, ibẹ̀ ló ti rí fàráńdà tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì yí ká nítorí ẹ̀fọn. Nígbà tó kọ́ ilé tirẹ̀, ó ní àfi kí òun náà ní i. Ilé nẹ́ẹ̀tì ni gbogbo àdúgbò ń pè wá. Ẹni tó bá jókòó sínú fàráńdà náà ń rí gbogbo ẹni tó ń kọjá, ṣùgbọ́n òjìji lásán ni ẹni tó wà níta ń rí.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ réluwé l'Ékòó. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá tó ń gbé iwájú ilé wa bí, ibẹ̀ náà ló ń ṣiṣẹ́. Ìyá Òdìkejì ni mo ń pe ìyá yìí. Opó ni, ọ̀rẹ́ ìyá ọkọ mi sì ni. Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì ò lè ya ara wọn. Bí Kérésìmesì bá ti ń súnmọ́, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń wọ̀ wálé. Lọ́dún yẹn, mo ti lóyún, ọkọ mi ò sì tíì mọ̀. Inú fàráńdà ni mo fẹ́ ti sọ ọ́ fún un, kí gbogbo ibẹ̀ sì máa dán. Ohun tí mò ń rò nìyẹn, ọmọ tó ka ìwé mẹ́fà!

Imọ̀ ọ̀pẹ ni gbogbo ayé fi ń ṣe ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́ fún ọdún. Ojú mi ò gbà á. Mo ní imọ̀ le, ó dúdú, bí ohun tí wọ́n fi ń bo àtíbàbà. Màrìwò ló wù mí, ọ̀mùnú ọ̀pẹ, èyí tó rọ̀ tó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo bẹ adẹ́mu kó bá mi gé e. Ó wò mí títí.

“Ìyàwó, ṣé kì í ṣe imọ̀ lẹ ń wá?”

Mo ní màrìwò ni. Ó gé e, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò bá mi rù ú dé ilé. Mo so ó yí ẹnu ọ̀nà fàráńdà ká. Mo tún ti rí i n'Ígbàjà níbi tí mo ti kàwé, tí ìyàwó òyìnbó ń lẹ òwú funfun mọ́ igi Kérésìmesì rẹ̀, ó ní bí yìnyín ṣe ń bọ́ nílùú àwọn nìyẹn. Èmi náà ra òwú, mo fi ògì gbígbóná lẹ̀ ẹ́ mọ́ nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀kán-ẹ̀kán. Ìyá Òdìkejì ló di àpótí mú kí n má baà ṣubú. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní bí àwọn ọmọ àwọn bá dé, wọn á rò pé ààfin làwọn wọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló so màrìwò tó gbẹ̀yìn.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi ti oko dé, ó dúró lójú títì pẹ̀lú ẹrù lórí, kò wọlé.

“Màrìwò lẹ́nu ọ̀nà, òwú funfun lára nẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó, òkú ta lẹ fẹ́ tẹ́ síbẹ̀?”

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé òwú ni wọ́n ń fi dí imú òkú, pé ọkọ̀ tó bá so màrìwò mọ́ iwájú, òkú ló gbé. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n agídí ò jẹ́ kí n gbà. Mo ní, “Màmá, a ti gba òmìnira, ìgbà ìyẹn ti kọjá,” bí ẹni pé òmìnira tí a gbà lọ́wọ́ òyìnbó kan màrìwò. Bàbá ọkọ mi tó fẹ́ràn ohun tuntun ní ewé ni ewé, kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Bí màrìwò ṣe dúró nìyẹn.

Kò pẹ́ tí obìnrin kan tó ń lọ sí Agbamu sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ níwájú wa, tó kúnlẹ̀, tó ń wo òjìji wa nínú nẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ kú àfẹ́kù o. Ọlọ́run á dá ìyókù sí.”

Ìyá ọkọ mi fò dìde. “Kò ṣe wá o! Kò sóhun tó ṣe wá!” Obìnrin náà gbé ẹrù rẹ̀, ó sá lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń kọjá ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí wọ́n bá dé ọ̀gangan ilé wa. Ọyẹ́ gbẹ màrìwò náà, ó pọ́n bí ìpẹtà. Ìyá ọkọ mi ò fẹ́ jẹun mọ́. Ó ní kí n tú u, mo ní tí ọdún bá parí. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Èmi ò tilẹ̀ gun igi, orí àpótí ni mo dúró sí. Ìyá Òdìkejì nìkan ló ń wá jókòó ti ìyá ọkọ mi lójoojúmọ́, tó ń sọ pé kó mọ́kàn le, àwọn ọmọ ń bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, inú fàráńdà ni èmi, ìyá ọkọ mi àti Ìyá Òdìkejì wà nígbà tí ọkọ̀ kan dé. Fèrè ni ọkọ̀ ọdún máa ń fọn láti ẹ̀yìn ìlú, tí àwọn ọmọdé á máa sá tẹ̀lé e. Èyí rọra ń bọ̀ ni, kò fọn nǹkan kan. Màrìwò wà níwájú rẹ̀. Mo ń gbàdúrà kó kọjá. Iwájú wa gan-an ló dúró sí. Dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó wo màrìwò, ó sì súnmọ́ nẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ kú ìrọ́jú o. A ti gbé e dé.”

Ìyá ọkọ mi káwọ́ lérí, ó ṣubú lulẹ̀. Ìyá Òdìkejì ló gbá a mú, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. “Ẹ mọ́kàn le, ọ̀rẹ́ mi. Ọlọ́run ló fún wa. Mo wà pẹ̀lú yín, mi ò ní fi yín sílẹ̀.” Omi ń dà lójú òun náà.

Nígbà náà ni tapólì ẹ̀yìn ọkọ̀ mì, tí ẹnì kan tí eruku bò sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ mi ni.

Áà! Mo pariwo. Ṣùgbọ́n Ìyá Òdìkejì ló kọ́kọ́ sáré jáde. Ó já gèlè, ó dì í mọ́ ìdí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú títì. “Kò kú o! Ẹlẹ́dàá mi, o ṣé! Kò kú!” Ó dì mọ́ ọkọ mi lọ́rùn. Èmi náà ń jó, ìyá ọkọ mi ń jó, a ò rántí bi ara wa pé ta ló wà nínú ọkọ̀. Ìyá Òdìkejì ló dúró lójijì, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ọkọ mi.

“Ọmọ tèmi ńkọ́? Ṣé ẹ ò jọ wá ni?”

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku níwájú rẹ̀. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Ẹkún tí ìyá náà sun lọ́jọ́ yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n gbọ́ irú rẹ̀ mọ́.

Inú rírun ló mú ọmọ Ìyá Òdìkejì lójijì l'Ékòó, tó sì pa á. Ọkọ mi ti sọ fún dírẹ́bà pé agboolé àgbà tó wà lẹ́nu àbáwọlé ìlú ni kó dúró sí, kí àwọn àgbà lè pe àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá náà, kí wọ́n rọra túfọ̀ fún un bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ta ló ń já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ìyá ọmọ lójú títì? Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ọkọ mi wà pẹ̀lú pósí, dírẹ́bà sì rí màrìwò lókèèrè. Ó ní àwọn ará ilé ti gbọ́, wọ́n ti ń retí òkú wọn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti tú gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ní màrìwò mi ló pa á. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Kò dùn mí tó ijó tí mo jó.

Ìyá Òdìkejì ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ló wẹ ọmọ tí mo bí. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́ nígbà tó sọ ọ́, nínú fàráńdà yìí kan náà, láìwo ojú mi.

“Bí àwọn àgbà bá túfọ̀ fún mi bó ti yẹ, inú yàrá ni ǹ bá ti gbọ́ pé ọmọ tiyín yè. Ǹ bá kórìíra yín. Ṣùgbọ́n mo ti jó fún un ná. Ẹni tí mo jó fún, báwo ni mo ṣe fẹ́ máa bínú sí i?”

Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá ó fi tù mí nínú ni, tàbí ó fi ń bú mi. Ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ti dípẹtà, ọkọ mi ti ń tẹ̀pá. Àwọn ọmọ wa máa ń ti Èkó bọ̀ fún Kérésìmesì, wọ́n á so iná tó ń ṣẹ́jú mọ́ fàráńdà, mi ò bá wọn wí. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ní kí wọ́n bá mi ṣe: kí wọ́n máa fọn fèrè láti ẹ̀yìn ìlú.