Táyà Tí Alàgbà Ògúnkànmí Fi Ẹ̀yìn Yàn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹni tó yá wa ní Alàgbà Ọláwuyì Ògúnkànmí ti Mowé fún ìwọ̀n ìgbà tó wù ú, tó sì tipasẹ̀ rẹ̀ fi ẹ̀rín kún ẹnu ìjọ wa.

Ọdún 2006 ni alàgbà lọ ra táyà fún jíìpù kékeré rẹ̀ ní ìsọ̀ Sàhéèdì, tí ń ta táyà tòkunbọ̀ ní Ìbàfò. Ó ní kí Sàhéèdì tẹ́ táyà sílẹ̀ bí ẹní. Ó bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀ gbalaja lé wọn lórí, ó di ojú, ó sì pa ọwọ́ pọ̀ mọ́ àyà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè sọ èyí tó rọ̀ fún un. Àwọn arábìnrin kan tí ń ti ìpàdé àdúrà bọ̀ láti Káńpù rí i, wọ́n sì ní kí awakọ̀ wọn dúró. Kí Sàhéèdì tó ṣàlàyé, wọ́n ti yí “òkú” ká, wọ́n ń pàṣẹ fún ikú pé kó tú u sílẹ̀. Alàgbà kì í gbọ́ àdúrà kó má ṣe àmín. Ó ṣe é tohùntohùn, ó dìde jókòó, ó ní, “Sàhéèdì, èyí ti le jù. Gbé òmíràn wá.” Ìròyìn pé òkú jí ní Ìbàfò ló ṣáájú rẹ̀ dé Mowé.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ ohun tí ìdùbúlẹ̀ yẹn ná an. Táyà eléyín gbọọrọ tó wà lẹ́sẹ̀ jíìpù náà tẹ́lẹ̀ ni ògo rẹ̀. Bí òjò bá sọ òpópónà wa di ẹrọ̀fọ̀, tí ọkọ̀ ńláńlá rì, òun ló ń fà wọ́n jáde. Ẹni tó bá ní kó pààrọ̀ wọn, yóò dá a lóhùn pé wòlíì Àìsáyà ti ṣèlérí pé ibi pàlàpálá yóò di títẹ́jú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì kan òpópónà wa.

Lórí títì ọlọ́dà ńkọ́? Táyà náà a máa hó bí ẹ̀rọ ìlọta, a sì máa gbọn èèyàn bí ẹni ń jọ gàrí. Alàgbà fẹ́ràn kó máa gbàdúrà bó ti ń wakọ̀. Wẹ́wẹ́ ni àmín ń jáde lẹ́nu àwọn tó gbé.

Nígbà náà ni ìyàwó rẹ̀, Ọ̀ṣunníkẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ṣubú lẹ́bàá kànga, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì yẹ̀. Dókítà kan ní Ifọ̀ kìlọ̀ pé bí kò bá wá gba ìtọ́jú déédéé, ó lè má lè nàró mọ́. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, Màmá kọ̀. Ó ní, “Bàbá Bólúwadúró, bí mo bá tún wọ ọkọ̀ yín dé Ifọ̀, kò ní sí ẹ̀yìn tí wọ́n máa wò mọ́.”

Ìsọ̀ Sàhéèdì ni alàgbà gbà lọ, ó sì dùbúlẹ̀ lé táyà lórí.

Nígbà tó rí èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́, táyà títì, eléyín kúkúrú, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ̀, Sàhéèdì rán an létí pé kò ní lè wọ ẹrọ̀fọ̀ mọ́. Alàgbà wo táyà àtijọ́ títí, ó ní, “Ẹrọ̀fọ̀ kọ́ ni mo gbé níyàwó.”

Nígbà tí wọ́n tún ń lọ sí Ifọ̀, Màmá kò sọ̀rọ̀. Alàgbà rò pé inú ló ń bí i, àfi ìgbà tó yíjú, tó rí i pé oorun ni, oorun tí ìrora ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣubú. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Alàgbà wo géètì náà, ó sì kọjá. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lórí títì títí Màmá fi jí fúnra rẹ̀. Nígbà tí dókítà bínú pé wọ́n pẹ́, ó ní, “Ẹ má bínú, dókítà. Ó ń sùn ni.”

Nígbà tí òjò dé, jíìpù rì lẹ́nu òpópónà wa. Àwa tí alàgbà máa ń fà jáde tẹ́lẹ̀ la tì í. Ó yọ orí síta lójú fèrèsé, ó ń kọ́ wa bí a ṣe ń ti ọkọ̀.

Ọjọ́ tí a sin alàgbà, Màmá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn tẹ̀lé pósí náà, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán.

Kí Ọlọ́run tí ń fi ìre fún olùfẹ́ rẹ̀ lójú oorun tẹ́ ibùsùn tó rọ̀ fún alàgbà. Kí ó jẹ́ ọ̀pá àti ọ̀gọ fún Màmá lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀. Kí ó máa ṣáájú Bólúwadúró àti àwọn àbúrò rẹ̀, kí ẹ̀rín má sì tán nílé Ògúnkànmí láé.