Ibi-Ọmọ Tí A Fi Sílẹ̀ ní Atakpamé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí Afí, àkọ́bí mi. Ẹ má sunkún o, èmi náà ti sunkún tó!

Nígbà yẹn, kò sí obìnrin kan ní Akparé, ìlú wa, tó ń lọ bímọ nílé ìwòsàn àwọn Faransé ní Atakpamé. Inú yàrá wa la ti ń bímọ. Wọ́n á sin ibi-ọmọ sí àgbàlá bàbá ọmọ, ọmọ náà á sì di ọmọ ilẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n ìrọbí mú mi, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ọmọ kò wá. Ni Kòfí ọkọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá gbé mi sínú aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá, ó di Atakpamé. Agbẹ̀bí ibẹ̀ gbẹ̀bí mi, ọmọ ké, àwa náà bú sẹ́kún ayọ̀. Nínú ayọ̀ yẹn, ta ló rántí ibi-ọmọ? Kí a tó bèèrè, wọ́n ti sin ín sẹ́yìn ilé ìwòsàn!

A délé, ariwo ta. Akúwà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló pariwo jù. Ó ní àlejò lọmọ náà nílé wa, pé bó bá dàgbà, ibi tí ibi-ọmọ rẹ̀ wà ni yóò padà sí. Ó tún ní ojo ni mí. Èmi tí mo fojú kan ikú!

Àwọn ìyá àgbà tó máa ń wẹ ọmọ tuntun kò yọjú. Tí wọn ò bá sì wá, ta ni yóò bá wa sọ ọmọ lórúkọ? Mo ń wẹ̀ ẹ́ fúnra mi, omijé mi ń kán sínú omi ìwẹ̀ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Nígbà tí ìwọ́ rẹ̀ já, ìyá ọkọ mi, tí kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ náà rárá, wọlé wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ó pọn ọmọ náà lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo ilé, ó sì gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn, ó sin ìwọ́ náà síbẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbẹ́ ibí la sin bàbá Kòfí sí. Ta ló fẹ́ sọ fún mi pé kò mọ ọmọọmọ rẹ̀?”



Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà kan yà wá. Ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni. Ṣé ẹni tó ń kọjá lọ a máa mú ọṣẹ àti kànrìnkàn dání? Òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n sì sọ ọmọ mi lórúkọ.

Ọdún ń gorí ọdún, Akúwà náà lóyún. Ó wọ yàrá mi pẹ̀lú ìkòkò tuntun ọlọ́mọrí, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun lọ sí Atakpamé, kí n rí i pé wọ́n kó ibi-ọmọ òun sínú rẹ̀, kí a lè gbé e wálé wá sin. Mo bá a lọ, ó sì di ọwọ́ mi mú títí ó fi bí.

Lónìí, gbogbo obìnrin ìlú wa ló ń gbé ìkòkò lọ sílé ìwòsàn. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó sọ̀rọ̀ sí mi nígbà náà, kò sẹ́ni tó rántí! Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ ni pé àríyànjiyàn kì í yí ojú ayé padà tó ẹnì kan tí gbogbo wa bọ̀wọ̀ fún, tó kọ́kọ́ pọn ọmọ náà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló dúró tì yín nígbà tí gbogbo ilé kọ̀yìn sí yín? Ẹ sọ fún wa. Bó bá sì wà láàyè, ẹ lọ kí i. Ìyá ọkọ mi ti lọ, n kò sì dúpẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ̀.