Ìlà Tí Wọ́n Fà Sí Àyà Mi

Dókítà ní Ìkòròdú ń bá mi sọ̀rọ̀ títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi dé abíyá mi. Ó tẹ kókó kan níbẹ̀, ó sì tún un tẹ̀. Mo mọ̀ nígbà náà pé jẹjẹrẹ ọyàn mi ti rìn jìnnà.

Lẹ́yìn oògùn àti iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní ó ku ìtànṣán ẹ̀rọ tí ń pa ìyókù jẹjẹrẹ, èyí tí àwa aláìsàn ń pè ní iná. Ọyàn òsì ni tèmi, ọkàn sì wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó wọ̀n mí tán. Ìwọ̀n tí wọ́n fún obìnrin ará Ìmọ̀tà tí a jọ ń jókòó de iná kọ́ ni wọ́n fún mi. Wọ́n fi ínkì fa ìlà sí àyà mi, wọ́n ní iná kò gbọdọ̀ yà kúrò níbẹ̀, kí n má ṣe fọ̀ ọ́.

Mo lọ sinmi lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí à ń múra ìrun Jímọ́ọ̀, ó rí i pé ó ti rẹ̀ mí, ó sì fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn wẹ̀ mí. Kí n tó bojú wo àyà mi, ìlà ti lọ, ó ti mọ́ tónítóní. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun rí ibi tí ìlà náà gbà. Ó mú tìróò rẹ̀, ó sì fi tún ìlà náà fà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ti dùbúlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ kí ọkùnrin tó ń darí rẹ̀ tó tẹjú mọ́ mi.

"Mọ́mì, ta ló fa èyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Tìróò ni wọ́n fi fà á."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Wọ́n mọ̀ ọ́n lé o. Ṣùgbọ́n ojú kọ́ lèyí."

Nígbà tó wọ̀n ọ́n, ẹ̀rín tán. Ìlà náà ti sún sí apá ọkàn mi. Kò tan iná lọ́jọ́ náà. Wọ́n tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n látìbẹ̀rẹ̀ kí a tó máa bá a lọ.

Iná parí, ẹ̀rù ò parí. Dókítà ti sọ pé bó ti wù kí wọ́n ṣọ́ra tó, iná díẹ̀ lè kan ọkàn, àwọn yóò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí àyà mi bá já lásán, mo máa ń rò pé iná ni.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, dókítà wo àwòrán ọkàn mi, ó tún wo ti abíyá.

"Ọkàn yín dá ṣáṣá. A ò sì rí àìsàn náà mọ́."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.