Ọgọ́ta Ìwé Tí Ìyá Àtẹ Yọ

Ìyá Àtẹ kò bí ọmọ kankan tó ń jẹ́ Àtẹ. Àwa la sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́, nítorí òun ló ń kọ àtẹ tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri ní ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ọdún kan náà ni èmi àti òun wọṣẹ́, ẹgbẹ́ sì ni wá, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bínú pé n kò fi “wọ́n” pọ́n ọn lé.

Ìwé aláwòrán ni ilé-iṣẹ́ wa ń pín fún àwọn ṣọ́ọ̀bù, ìwé pẹlẹbẹ olóṣooṣù tí àwọn akọni inú rẹ̀ ń fò lókè ilé, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán dá ọkọ̀ ojú irin dúró. Kí ìwé tó jáde ni oníṣọ́ọ̀bù ti gbọ́dọ̀ sọ iye tí òun fẹ́, èyí tí kò bá sì tà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ni ín, a kì í gbà á padà. Iye tí wọ́n bá sọ yẹn ni Ìyá Àtẹ ń kọ. Ẹni tó bá wo àtẹ rẹ̀ láti oṣù dé oṣù á rí i pé bákan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Àkọ́kọ́ á tà wàràwàrà, ìkejì á dín kù, ìkẹta á tún dín, bí omi inú ìkòkò tó ń jò. Bó bá kù díẹ̀ kó gbẹ, wọ́n á pa akọni. Gbogbo èèyàn á sáré ra ti oṣù tí akọni náà kú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta akọni á jí, ọjà á sì tún lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí àtẹ bá pa kì í jí ní tiẹ̀. Òfin Ọ̀gá ni pé ìwé tó bá wà lábẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún oṣù mẹ́ta léraléra, ó parí nìyẹn. Bí agogo mẹ́rin bá ti lù lọ́jọ́ àtẹ, lẹ́tà ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Àbúrò Ìyá Àtẹ, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń ya Aláṣọ Eérú, ìtàn obìnrin kan tí iná kì í jó. Ọdún mẹ́fà ló ti ń yà á, kò mọ iṣẹ́ míì, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Àkọ́kọ́ tà tó ẹgbẹ̀rún méjìlá. Lẹ́yìn náà ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀, títí ó fi bọ́ sábẹ́ ìlà ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Oṣù méjì ló ti wà níbẹ̀. Oṣù tí mò ń sọ yìí ni ìkẹta.

Iwájú mi gan-an ni tábìlì rẹ̀ wà, nítorí náà kò sí ohun tó ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tí n kò rí. Ó gbé tẹlifóònù, ó ń pe ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń pè wọ́n, ohùn rẹ̀ ò yí padà. “Ẹ káàárọ̀ o. Ti oṣù tó ń bọ̀ ńkọ́?” Ṣùgbọ́n ó ti ṣẹ́ ṣóńṣó pẹ́ńsùlù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó di agogo mẹ́wàá. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a pe díẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ jí iṣu rẹ̀.

Nígbà tó di agogo mọ́kànlá, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló kù, ti Onígíláàsì, bàbá kan tó ń tajà ní kọ̀rọ̀ ilé ìwé. Ọgbọ̀n ìwé ló kù kí Aláṣọ Eérú tó dé ìlà. Ogún ni Onígíláàsì sì máa ń gbà lóṣooṣù. Èmi náà lè ṣírò ìyẹn, ọkàn mi sì bà jẹ́.

Ó pè é. Mo gbọ́ ohùn bàbá náà láti ibi tí mo jókòó.

“Ẹ kọ ọgọ́rin fún mi.”

“Mélòó?”

“Ọgọ́rin. Ọkùnrin kan ló wá, ó ga gan-an, yíǹkì sì wà lára gbogbo ìka rẹ̀. Ó ní kí n bá òun fi ọgọ́ta pamọ́.”

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Inú Ìyá Àtẹ ò dùn ní tiẹ̀. Ó dúpẹ́, ó gbé tẹlifóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń wo ìwé iwájú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ga gan-an. Láti ọdún mẹ́fà, n kò tíì rí i kí yíǹkì má wà lára ìka rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ayàwòrán kan lọ ń ra ìwé ara rẹ̀ kiri ṣọ́ọ̀bù kí àtẹ má bàa pa á. Ìyá Àtẹ ló tú àṣírí rẹ̀. Òun náà ló mú òfin wá pé ìwé tí ẹni tó ṣe é bá fọwọ́ ara rẹ̀ rà, a ò ní kà á. Ọkùnrin yẹn dúró síwájú tábìlì rẹ̀, ó ń sunkún. Ìyá Àtẹ ò gbójú sókè.

“Béèrè orúkọ ọkùnrin náà,” ni mo wí.

“Kí ni mo fẹ́ béèrè? Bí mo bá béèrè, tí mo sì kà á, ìwọ gan-an lo máa kọ́kọ́ sọ pé torí ọmọ ìyá mi ni.”

“Èmi? Ṣé ẹnu mi lo máa ti gbọ́ ìyẹn?”

“Ẹnu rẹ náà ni.”

Ó kọ ogún. Ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó dín mẹ́wàá. Ó gun àpótí, ó lẹ àtẹ mọ́ ògiri, ó sì lọ jókòó sí yàrá tí a ń kó páálí sí. N kò tẹ̀ lé e. Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí, n kò mọ èyí tí mo máa mú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní agogo mẹ́ta ààbọ̀, tẹlifóònù rẹ̀ dún. Mo gbé e. Onígíláàsì ni.

“Tíṣà yẹn tún ti wá o, ó ń dúró níbí. Ó ní ṣé ọgọ́ta yẹn á pé? Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní yíya àwòrán ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.”

“Tíṣà wo?”

“Èyí tí mo sọ láàárọ̀ ńkọ́, tó ga, tó ní yíǹkì lọ́wọ́.”

N kò mọ bí mo ṣe dé yàrá páálí. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, Ìyá Àtẹ dìde. Abéèrè kì í ṣìnà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lẹ́nu, àmọ́ n kò rò pé ara rẹ̀ gbà á kí n sọ ọ́ fún un nígbà yẹn. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí agogo mẹ́rin lù.

A kì í fọwọ́ kan àtẹ tó bá ti wà lára ògiri. Òfin rẹ̀ náà nìyẹn. Lójú gbogbo èèyàn ló gun àpótí, ó ṣí i kúrò, ó fa ìlà gba orí ogún, ó kọ ọgọ́rin, ó sì gbé e lọ bá Ọ̀gá. Mo tẹ̀ lé e. Lẹ́tà ti wà lórí tábìlì, a ti lẹ̀ ẹ́ pa.

Ọ̀gá wo àtẹ, ó wo ojú rẹ̀. “Ṣé torí àbúrò rẹ ni?”

Ọ̀rọ̀ tó ti ń sá fún láti àárọ̀ nìyẹn.

“Torí àbúrò mi ni mo ṣe yọ wọ́n, Ọ̀gá,” ló wí. “Àwọn ọgọ́ta ọmọ yẹn fẹ́ ka ìwé. N kò béèrè wọn, torí ẹ̀rù ohun tí ẹ máa rò ń bà mí. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi. Ẹ má pa ìwé wọn.”

Ọ̀gá gbé tẹlifóònù. Ó pe Onígíláàsì fúnra rẹ̀, ó ní kí ó fi tẹlifóònù fún tíṣà. Ó ní kí tíṣà ka orúkọ àwọn ọmọ náà. Agogo ara ògiri ń lọ, tíṣà ń ka orúkọ, Ọ̀gá ń fi ìka kàn tábìlì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, Ìyá Àtẹ sì dúró láìmira. Nígbà tí ìka Ọ̀gá kàn tábìlì lẹ́ẹ̀kẹtàdínlógójì, ó ní ó tó. Ó mú lẹ́tà, ó ya á sí méjì.

“Aláṣọ Eérú wà níbẹ̀,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ìwọ ò ní kọ àtẹ mọ́. Ẹni tí ẹ̀rù ẹnu ayé lè mú yọ ìwé, ẹ̀rù náà lè mú un fi kún un lọ́jọ́ mìíràn.”

Mo fẹ́ gbèjà rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn mí pé kí n dákẹ́. Ó mú pẹ́ńsùlù àti rúlà kúrò nínú àpò rẹ̀, ó sì kó wọn lé mi lọ́wọ́.

Èmi ni mò ń kọ àtẹ báyìí, mo sì máa ń béèrè orúkọ títí tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù á fi máa kùn sí mi. Aláṣọ Eérú ṣì ń jà mọ́ ìlà náà. Oṣù kan ó fi mẹ́rin lé e, oṣù kejì ó fi mẹ́sàn-án dín. Ìyá Àtẹ kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Yàrá páálí ló wà, ó ń di ìwé fún àwọn ṣọ́ọ̀bù. Bó bá kan ti Onígíláàsì, kì í jẹ́ kí ẹlòmíì bá a fọwọ́ kàn án. Á ya ti tíṣà sọ́tọ̀, á jókòó sílẹ̀, á kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fi okùn dì í. Ọgọ́ta ni, ó máa ń pé.