Bí Ìyá Gólì Ṣe Di Ìyá Ajere

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju ẹnu odó lọ, kò sí ẹni tí wọ́n ń kí ní agboolé wa ní Bẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó ìyá mi. Irú ni ìyá mi ń ṣe tà, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí irú ni wọ́n ṣe ń kí i. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni gólì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, òun ló ń ṣọ́lé fún wọn, wọ́n sì fẹ́ gbé wọn lọ sókè òkun, síbi ìdíje tí gbogbo ayé ti ń péjọ sáré, tí wọ́n ń fò, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìyá Gólì ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń lọ, èjìká ni wọ́n gbé e sí gun òkè Mápó. Bàbá kan tí kò fún wa lómi mu rí ló sunkún ayọ̀ jù.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ò mọ asọ̀rọ̀mágbèsì. Àpótí ni. Wọ́n á kàn án mọ́ ògiri, á máa sọ tẹnu ẹ̀, kò sì ní gbọ́ tẹnikẹ́ni. Ọ̀kan ṣoṣo tí a ní wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́gàjí. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìdíje, ibẹ̀ kún dẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì ni àpótí ń sọ, tíṣà kan sì dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń túmọ̀ fún wa. Ìyá mi sáré wá láti ìdí iṣẹ́, ajere oníhò tó fi ń ṣan irú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tíṣà ní bọ́ọ̀lù ti wọlé wa. Kò pẹ́, ó ní òmíràn ti wọlé. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ní àárín ọwọ́ méjèèjì gólì ni bọ́ọ̀lù gbà kọjá. Ni ìyá mi bá bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀ fún àpótí.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ tún un wò dáadáa. Nǹkan kì í bọ́ mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá tó sunkún ayọ̀ níjọ́sí nawọ́ sí ohun tó wà lọ́wọ́ ìyá mi. "Ẹ ò rí nǹkan tó bí i? Ṣé ajere ló fẹ́ gbomi dúró?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìyá Gólì ti di Ìyá Ajere. Àwọn ọmọdé fi kọrin. Ẹnìkan gbé àfọ́kù ajere kọ́ sẹ́nu ọ̀nà wa. Bí ìyá mi bá sunkún, àwọn obìnrin ilé á ní, "Ẹ má bínú, eré la bá yín ṣe."

Ẹ̀gbọ́n mi dé, kò mọ nǹkan kan. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ l'Ógùnpa tí àwọn ọmọ ń pariwo "Ajere", ó rò pé wọ́n ń pe ẹni tó ń ta ìkòkò ni, ó tiẹ̀ bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹnu ọ̀nà wa ló ti yé e. Lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú tí a ti tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wọn fún un ránṣẹ́ pé àwọn ò lè fọmọ fún ẹni tí ọmọdé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó gba òkè Ọya lọ. A gbọ́ pé ó ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn níbẹ̀, wọ́n sì ń gbé e gẹ̀gẹ̀. Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe.

Ìyá mi fọ́ gbogbo ajere rẹ̀, kò ṣe irú mọ́. Bó bá ti rí ọkùnrin tó gbé ẹrù lókèèrè, á dìde dúró. Ẹ̀gbọ́n mi kò wá síbi ìsìnkú rẹ̀. N kò bá a wí.

Ayé ti yí padà. Láìpẹ́ yìí, mo rí ọmọ ọmọ mi tó ń tẹ fóònù, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní gólì Nàìjíríà ti jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé, òun ń kọ èébú rẹ̀ síta fáráyé kà. Mo bi í bóyá ọmọ ọlọ́mọ á rí i.

"Á rí i, Màmá. Ìyá ẹ̀ gan-an á rí i."

Mo ní kó pa á rẹ́. Ó ní, "Eré la fi ń ṣe, Màmá."

Mo gba fóònù náà, mo jókòó lé e. Títí ilẹ̀ fi ṣú ló ń gbọ̀n lábẹ́ ìdí mi, àwọn èèyàn ń fèsì.